Ènìyàn mẹ́fà, bẹ́líìtì márùn-ún: báwo ni kí n ṣe tò wá sínú ọkọ̀?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta béèrè pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn ni mo ń gbé, Àkúrẹ́ sì ni ilé àwọn àna mi, níbi tí ìdílé wa yóò ti lọ ṣe ìnáwó kan ní oṣù tó ń bọ̀. Toyota Corolla ọdún 2007 ni mo ń wà, tòkunbọ̀ tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, èyí tí mo rà ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Àwa mẹ́fà ni a fẹ́ jọ rin ìrìn-àjò náà: èmi tí n ó wa ọkọ̀, ìyàwó mi, ìyá ìyàwó mi tí wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ tí wọn kò sì tíì padà sílé, ọmọbìnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọkùnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àti àbíkẹ́yìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án.

Ohun tí ojú mi rí ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ló jẹ́ kí n wá bá yín. A ń ti ilé ìjọsìn bọ̀, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣàdédé já sí iwájú mi, mo sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. N kò sáré. Kò dá mi lójú pé a tó 40 kìlómítà ní wákàtí kan. Síbẹ̀, ọmọkùnrin mi, tí ó máa ń dúró sí àárín ìjókòó iwájú méjèèjì kí ó lè máa wo ojú ọ̀nà, fi iwájú orí sọ ọ̀pá jíà, àbíkẹ́yìn sì yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó já sí ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn àti ẹ̀yìn ìjókòó mi. A dúpẹ́, nítorí pé orí ọmọkùnrin náà wú díẹ̀ ni, ọmọ ọwọ́ náà sì sunkún títí ó fi sùn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn ni pé a kò tilẹ̀ kọlu nǹkan kan. Bíréèkì lásán ni mo tẹ̀.

Nígbà tí mo wá wo ọkọ̀ náà dáadáa, mo rí i pé èmi nìkan ni mo ń de bẹ́líìtì nínú rẹ̀, kí n má sì purọ́, nítorí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni mo ṣe ń dè é. Àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn kò tilẹ̀ lè dè é bí wọ́n bá fẹ́, nítorí pé ní kété tí mo ra ọkọ̀ náà ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rán aṣọ ìjókòó, wọ́n sì rán awọ bo ìjókòó ẹ̀yìn látòkè délẹ̀, tí gbogbo ibi tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì bọ̀ fi wọ abẹ́ awọ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iná kékeré kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ó dà bí ẹni tó jókòó tí bọ́ọ̀lù ńlá wà ní iwájú àyà rẹ̀, iná náà kì í kú. Mẹkáníìkì mi ní iná airbag ni, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde láti dáàbò bo ènìyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, pé kí n má dá a lóhùn, kò dí ọkọ̀ lọ́wọ́ láti rìn. Ìyá ìyàwó mi ní tiwọn sọ pé àwọn tọ́ ọmọ méje láìsí bẹ́líìtì, pé kò sí ohun tí ó lè di ọmọ mú bí ọwọ́ ìyá.

Ohun tí mo ń rò ni pé kí ìyàwó mi gbé ọmọ ọwọ́ sí orí itan ní iwájú, kí n wá fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de àwọn méjèèjì pọ̀, kí ìyá àgbà àti àwọn ọmọ méjì yòókù jókòó sẹ́yìn. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Ṣé ìrọ̀rí tó ki lè gbé ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè kí bẹ́líìtì má baà máa há a ní ọrùn? Kí sì ni kí n ṣe sí iná yẹn?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta dáhùn pé:

Ẹ kú orí ire, Bàbá Ọmọ Mẹ́ta. Ìbéèrè yín nípa ìyá àti ọmọ nínú bẹ́líìtì kan ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí òun ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ara ìyá yóò sún síwájú, bẹ́líìtì yóò sì dá a dúró, ṣùgbọ́n ọmọ ni yóò wà láàárín àyà ìyá àti okùn náà, tí gbogbo ìwọ̀n ìyá yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ okùn. Ní iwájú yẹn kan náà ni airbag wà, èyí tí ó máa ń bẹ́ jáde kí ènìyàn tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, agbára rẹ̀ sì ju ohun tí orí àti ọrùn ọmọ ọwọ́ lè gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ tó ń rìn ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá kọlu ògiri, ẹni tí kò de bẹ́líìtì yóò fi ara gbá ohun tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ó jábọ́ láti nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, ìyẹn láti òkè ilé alájà mẹ́ta. Ọmọ yín tí ó ti tó kílò mẹ́sàn-án yóò ti ara rẹ̀ síwájú, lójú ẹsẹ̀ náà, pẹ̀lú agbára tí ó tó ìwọ̀n nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún. Kò sí ìyá tó lè fi ọwọ́ méjèèjì di àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún mú, ìbáà ṣe pé ìyá náà ti tọ́ ọmọ mẹ́rìnlá. Ìfẹ́ Màámi sí ọmọ kò dín kù rárá. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè gbé ló ní òpin.

Ní ti ìjókòó, iye bẹ́líìtì tó wà nínú ọkọ̀ ni ẹ óò fi mọ iye ènìyàn tí ọkọ̀ náà lè gbà, kì í ṣe iye itan tó wà níbẹ̀. Bẹ́líìtì márùn-ún ló wà nínú Corolla yín, mẹ́fà sì ni yín. N kò mọ ọgbọ́n kankan tí ó lè sọ márùn-ún di mẹ́fà. Ẹnì kan nínú àgbàlagbà ní láti bá ọkọ̀ mìíràn lọ, tàbí kí ẹ lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn-ún gbọ́ nígbà tí ìnáwó bá ń bọ̀, tí aṣọ ẹbí àti kúlà oúnjẹ tún wà láti kó. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, olúkúlùkù nínú bẹ́líìtì tirẹ̀, kí ìyàwó yín sì jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ìrọ̀rí kò ṣiṣẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ìrọ̀rí yóò fún pọ̀, yóò sì yọ́ síwájú, ọmọ yóò sì gba abẹ́ bẹ́líìtì yọ lọ tí okùn náà yóò fi bọ́ sí ikùn rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé ọmọ tí kò bá tíì ga tó nǹkan bíi 145 sẹ̀ǹtímítà nílò àga ìgbéga, èyí tí a fi ike líle ṣe, tí ó ní ibi tí a ń ki okùn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ mú ọmọbìnrin yín jókòó sẹ́yìn báyìí kí ẹ wò ó: ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ kan ẹ̀yìn ìjókòó, tí orúnkún rẹ̀ sì ká sí etí ìjókòó láìjẹ́ pé ó ń yọ́ síwájú? Ṣé okùn ìsàlẹ̀ wà ní orí egungun ìbàdí, lókè itan, tí kì í ṣe orí ikùn? Ṣé okùn òkè gba orí eegun èjìká kọjá, tí kò kan ọrùn? Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, kò tíì tó láti lo bẹ́líìtì àgbàlagbà láìsí àga. Àwọn ọmọ tí okùn ń há ní ọrùn máa ń ti okùn náà sí abẹ́ apá tàbí sí ẹ̀yìn, ìyẹn sì burú, nítorí pé ikùn àti egungun ìhà ni yóò gba gbogbo agbára náà.

Ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún àwọn aláboyún tó ń wá sí ọ̀dọ̀ wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé bẹ́líìtì yóò pa ọmọ inú wọn lára. Okùn ìsàlẹ̀ ní láti gba abẹ́ oyún kọjá, kí ó fara ti itan, kí okùn òkè gba àárín ọmú méjèèjì, kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ oyún bọ́ sílẹ̀. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ gba orí oyún.

Oníwáyà Ìbàdàn dáhùn pé:

Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ni mo ń ṣe, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Ẹ ṣé gan-an tí ẹ béèrè nípa iná náà, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi kì í béèrè rẹ̀ àfi bí wọ́n bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà, tí wọ́n á wá sọ pé kí n bá wọn pa á.

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ta ọkọ̀, ó yẹ kí iná airbag tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ó sì kú fúnra rẹ̀. Títàn yẹn ni ọkọ̀ fi ń sọ pé òun ti yẹ ara òun wò. Bí ó bá tàn tí kò kú, bí i tiyín, ọkọ̀ náà ti rí àléébù kan, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo ètò náà ti pa ara rẹ̀ tì, kí airbag má sì jáde ní ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá tàn rárá ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀. Àwọn mìíràn á sì so wáyà rẹ̀ mọ́ ti iná mìíràn, bíi iná ọ́ìlì, kí àwọn méjèèjì lè máa tàn kí wọ́n sì máa kú pọ̀ láti fi tan ẹni tó fẹ́ rà á. Mo ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù tí mo bá ihò ṣófo nínú rẹ̀ níbi tí airbag yẹ kí ó wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń pè ní tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n ti ní ìjàmbá ní òkè òkun kí wọ́n tó tà wọ́n ní gbàǹjo. Airbag wọn ti bẹ́, ẹni tó tún wọn ṣe sì kàn ra ìdérí sítíárìn tuntun dé orí ihò náà. Ẹ wo àárín sítíárìn yín àti apá ọ̀tún dáṣíbọ́ọ̀dù: bí àwọ̀ wọn bá yàtọ̀ sí ti ìyókù, tàbí tí ẹ rí ojú ìránpọ̀ tí kò tẹ́jú, ẹ gbé e wá kí a tú u wò.

Àléébù tó ń mú kí iná náà máa tàn lè má tó nǹkan. Ó lè jẹ́ ìsopọ̀ wáyà aláwọ̀ ìyeyè tó wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, èyí tí àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ tì tàbí tí ẹni tó ń fọ ọkọ̀ bu omi sí. Ó lè jẹ́ wáyà pẹlẹbẹ tó lọ́ bí ìgbín lẹ́yìn sítíárìn, tí ó máa ń já bí ó bá gbó. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù airbag, kì í ṣe èyí tó ń ka kóòdù ẹ́ńjìnnì nìkan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gílóòbù ìdánwò kan àwọn wáyà ìyeyè yẹn, nítorí iná kékeré yẹn lè mú kí airbag bẹ́ sí i lójú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ tú orí bátìrì, yóò sì dúró. Toyota ní kí a dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá 90 kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tún wúwo ju ti iná lọ, bóyá ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún yín rí. Ilé iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ṣe airbag fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì fi kẹ́míkà ammonium nitrate sínú rẹ̀ láti máa fi fẹ́ ẹ. Ooru àti ọ̀rinrin ń ba kẹ́míkà náà jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí yóò fi bẹ́ pẹ̀lú agbára àbùjù, tí agolo irin tó wà nínú rẹ̀ yóò fọ́, tí àfọ́kù irin yóò sì fò lu ẹni tó yẹ kí ó dáàbò bò. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú agolo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí àwọn onímọ́tò dá padà ní Amẹ́ríkà nìkan. Toyota Corolla ti ọdún 2003 sí 2007 wà nínú wọn, ní apá ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Honda Accord àti Civic ti irú àwọn ọdún bẹ́ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ ro ti ooru àti ọ̀rinrin, kí ẹ wá ro ti ìlú wa níbí.

Ọ̀nà láti mọ̀ kò le, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú ní apá awakọ̀, ó sì tún wà lára férémù ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà, ti ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn. Yóò sọ fún yín bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó wọ inú ọkọ̀ ojú omi, tàbí wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ẹ gbé nọ́ńbà náà lọ bá àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sí apá yẹn títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Ní ti awọ tí wọ́n rán bo ìjókòó, ẹ gé e. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ. Bí ẹ bá sì rí i tí wọ́n kọ AIRBAG sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó iwájú, ẹ tú ti ibẹ̀ náà, nítorí inú fóòmù ìjókòó ni airbag ẹ̀gbẹ́ ti ń jáde, awọ tó ki yóò sì dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan yọ tán pátápátá, kí ẹ wò ó bóyá eku ti gé e tàbí oòrùn ti mú kí ó máa yọ òwú. Ẹ já a gbà lójijì: ó yẹ kí ó há. Bí ìdọ̀tí ló mú kí ó máa lọ́ra láti padà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe pẹtiróòlù, kì í sì í ṣe bílíìṣì, nítorí àwọn wọ̀nyẹn ń jẹ òwú rẹ̀.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn dáhùn pé:

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Mo ti wà lójú títì kí wọ́n tó dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, ní àkókò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. N kò ní bẹ́líìtì kò wúlò, ṣùgbọ́n mo ti fojú rí ọkọ̀ tó gbiná ní ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi bẹ́líìtì lé àyà ni bí mo bá rí aṣọ àwọn Ẹ̀ṣọ́, n kì í kì í bọ ihò. Ó sàn kí ọkọ̀ ju ènìyàn síta ju kí ó dè é mọ́lẹ̀ sínú iná lọ.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta dá Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn lóhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ rí yẹn kò ṣeé gbàgbé, n kò sì ní ẹ purọ́. Ṣùgbọ́n ìjàmbá tó ń gbiná tàbí tó ń ré sínú odò kéré púpọ̀ láàárín gbogbo ìjàmbá tó ń ṣẹlẹ̀. Nínú ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn pàápàá, ẹni tí kò dákú nìkan ló lè ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò de bẹ́líìtì ni orí rẹ̀ ń lu òrùlé tàbí gíláàsì, tí ó ń dákú kí iná tó ràn. Ẹni tí ọkọ̀ sì jù síta, ojú títì ni ó ń já sí, ní iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tàbí kí ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an yí lù ú. Àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa láti ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni mo fi ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n. Nils Bohlin, ará Swídìn tó ṣe bẹ́líìtì alójú mẹ́ta, irú èyí tó gba èjìká àti ìbàdí, fún ilé iṣẹ́ Volvo ní ọdún 1959, iṣẹ́ ìjókòó tó ń ju awakọ̀ òfurufú jáde nínú ewu ló ṣe kí ó tó wá síbẹ̀, ó sì rí i dájú pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ènìyàn yóò fi máa dè é. Ilé iṣẹ́ náà sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ọ̀bẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń tà fún gígé bẹ́líìtì, tí ó ní òòlù fún fífọ́ gíláàsì lórí. Ẹ fi í sí ibi tí ọwọ́ yín yóò ti tó o. Ṣùgbọ́n ẹ ki bẹ́líìtì náà bọ ihò.

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù dáhùn pé:

Mo ka gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn pé bàbá ló béèrè. Níbí tí mo wà, òfin ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ wà nínú àga ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí títí yóò fi ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n bí àwọn Òyìnbó mọ́ ọn: ọdún 1983 ni wọ́n tó sọ ọ́ di dandan fún awakọ̀ àti ẹni iwájú láti dè é, ọdún 1991 sì ni ti àgbàlagbà tó jókòó sẹ́yìn. Wọ́n jiyàn púpọ̀ kí wọ́n tó gbà, irú àwíjàre Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wí.

Àbíkẹ́yìn yín ní láti wà nínú àga tó kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Orí ọmọ ọwọ́ wúwo ju bí ọrùn rẹ̀ ti lágbára lọ. Bí ó bá kọjú síwájú tí ọkọ̀ dúró, bẹ́líìtì yóò di àyà mú, ṣùgbọ́n orí yóò já síwájú. Bí ó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn àga ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe yí i padà nítorí pé ó pé ọdún kan tàbí nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ìjókòó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àga ọmọdé lè dín ikú ọmọ ọwọ́ nínú ìjàmbá ọkọ̀ kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́rin náà nílò tirẹ̀, èyí tó kọjú síwájú tí ó ní okùn fún èjìká méjèèjì.

Níwọ̀n bí ọkọ̀ yín ti wá láti Amẹ́ríkà, tí ọdún rẹ̀ sì ju 2002 lọ, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín ibi tí ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn ti pàdé ibi tí a ń jókòó lé. Ẹ óò fọwọ́ ba irin kékeré méjì ní apá ọ̀tún, àti méjì ní apá òsì. Nítorí àga ọmọdé ni wọ́n ṣe fi wọ́n síbẹ̀. Àga kan lè lo irin yẹn, èkejì lè lo bẹ́líìtì. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ fi orúnkún tẹ àga náà mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fà á le, kí ó má sì mì ju fífẹ̀ àtàǹpàkò kan lọ bí ẹ bá dì í mú ní ibi tí okùn ti gbà á kọjá. Okùn tó wà ní èjìká ọmọ gbọ́dọ̀ le débi pé ẹ kò ní lè fi ìka méjì ká a pọ̀. Ẹ bọ́ súwẹ́tà fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀já pọ̀n ọn nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù ní ọjà, ẹ yí ìdí àga náà sókè. Déètì tí ó máa parí sábà máa ń wà lára ike níbẹ̀. Ti ilẹ̀ Yúróòpù ní lébẹ́lì aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ R44 tàbí R129, orúkọ ìlànà ààbò wọn, sí. Èyí tí kò ní lébẹ́lì, tàbí tí ike rẹ̀ ti là, tàbí tí ẹni tó ń tà á kò lè sọ bóyá ó ti wà nínú ìjàmbá rí, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Oòrùn ilé wa sì máa ń mú kí irin bẹ́líìtì gbóná bí i síbí tó wà lórí iná. Ẹ máa fi aṣọ bò ó bí ẹ bá páàkì.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta padà wá, ó ní:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fi ọ̀bẹ àti sùúrù la awọ náà. Ẹ̀pà, báírò kan, àti àádọ́ta náírà tí kò mọ ọwọ́ ẹni tó fi í síbẹ̀ ni mo bá nínú ihò, pẹ̀lú ibi ìkìbọ̀ mẹ́ta; méjì ń dún kẹ́ẹ́ bí ó ti yẹ, ẹ̀kẹta kò di ahọ́n bẹ́líìtì mú, mo sì ti ń wá òmíràn tí kò fara gba ìjàmbá rí. Mo tẹ nọ́ńbà VIN náà. Wọn kò tíì pààrọ̀ ti apá ọ̀tún. Ìyàwó mi kò jókòó síbẹ̀ mọ́ láti àná. Ẹ̀yìn ni ó ń jókòó títí wọn yóò fi tún un ṣe, mo sì ti kọ̀wé sí àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ náà.

Èyí tí mo rò pé yóò le jù ni ti Màámi. N kò bá wọn jiyàn. Mo gbé àpò ìrẹsì oníkílò mẹ́wàá sínú ọkọ̀, a lọ sí pápá ilé ìwé kan tí kò sí ènìyàn níbẹ̀, ìyàwó mi wa ọkọ̀, Màámi jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú bẹ́líìtì, èmi náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú bẹ́líìtì, mo sì gbé ìrẹsì náà lé itan, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kí ó má jẹ́ kí n mọ ìgbà tí yóò tẹ bíréèkì. Kò tó 30 kìlómítà. Àpò náà yọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ gbá ẹ̀yìn ìjókòó iwájú kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Màámi wo àpò náà ní ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n bi mí pé èló ni àga ọmọ yẹn. Nígbà tí a délé, wọ́n pe àbúrò wọn lórí fóònù pé kí ó yà gbé àwọn bí ó bá ń lọ sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì bi í léèrè bóyá bẹ́líìtì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.